Bí Àna Mi Ṣe Lọ Ya Oṣù Tuntun ní Ìgbájọ

Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní Èkó, ayàwòrán sì ni. Kì í ṣe èyí tó ń ya ọkọ àti ìyàwó o. Ó ní ìyẹn ti sú òun. Oòrùn ló ń yà. Bí oòrùn bá fẹ́ wọ̀ létí òkun, àna mi á ti dúró nínú yanrìn, á gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, á máa retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí àfẹ́sọ́nà. Èmi ti ń gbé Ìlá láti ìgbà tí mo ti dáyé. N kò rí ọjọ́ kan tí oòrùn kò wọ̀, n kò sì rí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ó ku ọjọ́ mélòó kan kí ààwẹ̀ Ràmàdáánì parí nígbà tó gúnlẹ̀ sílé wa pẹ̀lú báàgì mẹ́ta. Aṣọ wà nínú ọ̀kan, ẹ̀rọ ló kún méjì yòókù. Kò tíì kí wa tán tó fi sọ ohun tó bá wá.

"Bọ̀dá, iná Èkó ti pa gbogbo ìràwọ̀ ibẹ̀. Òru kò dúdú níbẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀ yín níbí ni òkùnkùn gidi wà."

Mo ní, "A dúpẹ́. Ìjọba ló ń fi òkùnkùn kẹ́ wa. Kò sí alẹ́ tí wọn kì í pín in kárí."

Ètò rẹ̀ ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ààwẹ̀, òun yóò lọ sí Ìgbájọ, níbi tí òkè yí ìlú ká. Yóò kọ́kọ́ ya oòrùn bó ṣe ń wọ̀. Lẹ́yìn náà, yóò ya oṣù tuntun. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, yóò ya ìràwọ̀. Ó ní fọ́tò oṣù yẹn ni yóò parí ìjà tí a máa ń jà lọ́dọọdún lórí pé oṣù lé, oṣù kò lé. Ìjà yẹn wà lóòótọ́. Bàbá kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa tó jẹ́ pé láti ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló ti máa ń rí oṣù.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Orí máṣíìnì ló wà nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Oṣù wo lo ní o fẹ́ yà?"

"Oṣù tuntun, Àǹtí mi. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n."

"Kò ní í yọ."

"Àǹtí, fóònù mi sọ pé ó máa wà lójú ọ̀run."

"Sọ fún fóònù rẹ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kò ní í yọ."

Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Gbogbo aránṣọ tí mo mọ̀ ní Ìlá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n máa ń ka ààwẹ̀ sí. Ọlọ́run lè ṣe é ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n bó bá wù ú, ti aránṣọ kò ní í dín. Orí ọgbọ̀n yìí ni wọ́n ń gba aṣọ oníbàárà lé. Lọ́dún tó kọjá, oṣù lé lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, aṣọ ẹni mẹ́ta sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó mi láìrán. Ọ̀kan nínú wọn, Alhaja kan báyìí tí ohùn rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ gbohùngbohùn, dìde lórí pápá Yídì lẹ́yìn ìrun, ó ní kí gbogbo Mùsùlùmí wá wo aṣọ tí òun wọ̀ wá, pé ti èṣí ni. Ìyàwó mi sunkún dé ilé. Ọjọ́ yẹn ló búra pé kò sí oníbàárà òun tí yóò tún wọ aṣọ àtijọ́ lọ sí Yídì mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò ta máṣíìnì òun. Kí ló wá ṣe lọ́dún yìí? Ó tún ka ọgbọ̀n.

Bí àwọn ọmọ ìyá kan náà méjèèjì ṣe kọjú síra wọn nìyẹn. Ọ̀kan ń fẹ́ kí oṣù yọ kó lè rí i yà. Èkejì ń bẹ Ọlọ́run kó bò ó mọ́lẹ̀ kó lè rí aṣọ rán. Èmi tí mo fẹ́ ọ̀kan tí mo sì gba èkejì lálejò, mo ń ṣe àmín fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ méjì gbáko ni àna mi fi ṣètò. Ohun kan wà nínú fóònù rẹ̀ tó ń sọ ìṣẹ́jú tí oòrùn yóò wọ̀ àti ibi tí yóò gbà wọ̀. Ó fa ìlà sínú ìwé tí mo fi ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ fún kíláàsì mi. Ó fi fọ́tò tó gbayì jù lára tirẹ̀ hàn mí: oòrùn ń rì sínú omi l'Ékòó, ọkọ̀ apẹja kan dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀.

"Nǹkan gbọ́dọ̀ wà níwájú oòrùn, Bọ̀dá, kí fọ́tò lè ní ẹwà. Ìgbájọ kò ní ọkọ̀ ojú omi, òkè la máa fi ṣe é."

Mo mi orí pé òótọ́ ni. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, mo sì mi orí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, a kírun Asri tán, a gun alùpùpù mi. Wọ́n ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àwọn tó rí èmi tí mo fi báàgì kọ́ àyà ṣe bí ọmọ iṣẹ́ àna mi ni mí. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ tún dá kún un, ó jọ ti àwọn awọnlẹ̀. Ní gbogbo ibi tí a ti dẹsẹ̀ dúró, àwọn ènìyàn ń jáde wá béèrè ẹni tó ta ilẹ̀ tí a fẹ́ wá wọ̀n.

A dé ẹsẹ̀ òkè kan ní Ìgbájọ, ó to ẹrù rẹ̀. Fóònù ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù ni oòrùn yóò wọ̀. Àfi bí oòrùn ṣe kọjá sẹ́yìn òkè nígbà tí kò tíì ju aago mẹ́fà ààbọ̀ lọ! Òjìji òkè bò wá mọ́lẹ̀. Àna mi wo ọ̀run, ó wo fóònù.

"Kò tíì tó àkókò," ó ní, bí ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ sá kúrò ní kíláàsì rẹ̀.

Ìyá kan tó ru igi ìdáná bọ̀ láti oko dúró wò wá.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o. Kí lẹ ń wọ̀n?"

"A kò wọn nǹkan kan, Mà," mo ní. "Oòrùn la fẹ́ yà. Ó ku oṣù tuntun tí à ń dúró dè."

Ìyá náà sọ igi kalẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ẹ̀yìn òkè ni oòrùn ń wọ̀, ẹ̀yìn òkè náà ni oṣù ọmọ tuntun máa wà, ẹ wá kọjú sí òkè! Àfi kí ẹ bẹ òkè kó bẹ̀rẹ̀ fún yín."

Àna mi ní, "Mà, ní Èkó, létí òkun..."

"Ṣé ẹ gbé òkun náà dání ni?"

Ó gbé igi rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tí a gbọ́ ìpè Mọ́gàríbì lọ́ọ̀ọ́kán, mo fi omi àti dàbínù ṣínu. Àna mi ní ìràwọ̀ ṣì kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ti ń sun oko láti ọ̀sẹ̀ náà, èéfín gba ojú sánmà kan. Ìràwọ̀ mẹ́ta péré ló yọjú. Ọ̀kan nínú wọn ń rìn, bàálù ni.

Fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni.

"Ṣé ẹ rí i?"

"A kò rí i."

"Alihamudulilahi!" Ó pa fóònù. Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn yẹn tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa.

Kò pẹ́ tó tún pè.

"Rédíò ti kéde. Wọ́n rí i níbòmíràn. Ọ̀la ni ọdún."

"Aṣọ mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlá. Iná sì ti lọ."

Àna mi kò bá mi jiyàn nípa ìràwọ̀ mọ́. Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, a forí lé ilé. Ìgbà tí a wọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi níwájú ilé wa, àbẹ́là kan ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. Àna mi fa iná kan jáde látinú báàgì, èyí tó ti fẹ́ fi tan òkè Ìgbájọ lóru. Ó so ó mọ́ igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán.

"Yí i sọ́tùn-ún díẹ̀. Òjìji ọwọ́ mi ń bo ojú ìrán," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. "Ṣé o wá rí i? Kò yẹ kí nǹkan máa wà níwájú iná."

Àna mi yí i sọ́tùn-ún. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń gán bọ́tìnnì. Èmi wà nídìí áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ìyàwó mi ń fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì títí àkùkọ fi kọ. Aṣọ Alhaja ló kọ́kọ́ rán, àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ka mẹ́wàá tí a lọ̀ tí a sì ká.

"Ìkọkànlá ńkọ́?"

Kò gbójú sókè. "Tiyín ni. N kò tíì gé e."

"O ṣáà búra!"

"Oníbàárà ni mo búra fún. Ẹ̀yin kì í ṣe oníbàárà, ọkọ mi ni yín."

Bí mo ṣe wọ búbá èṣí lọ sí Yídì nìyẹn. Lẹ́yìn ìrun, Alhaja ọjọ́sí ń yí kiri nínú léèsì tuntun kí gbogbo ayé lè rí i. Ìyàwó mi dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú ọmọ wa láàárín àwọn obìnrin, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà lókè. Alhaja dé ọ̀dọ̀ mi, ó wò mí láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ aránṣọ rẹ̀ ni mí.

"Tíṣà, bọ́tìnnì ọrùn aṣọ yìí ti já o. Ṣé ti èṣí kọ́ nìyí? Ta ló já yín kulẹ̀ báyìí? Ẹ sọ fún mi, kí n bá a wí níbí lójú gbogbo Mùsùlùmí!"

Ó ti ń gbé ohùn sókè. Mo rí i tí ìyàwó mi di ọwọ́ ọmọ wa mú ṣinṣin.

"Alhaja, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," mo ní. "Èkó ni aránṣọ mi wà."