Bí Orúkọ Báyọ̀dé Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Èmi ni mo gé pákó náà kúrú, ọ̀rẹ́, kì í ṣe Báyọ̀dé. Títí di òní, bí òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ bá kàn mí nímú lẹ́yìn òjò ní Kàbà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nìyẹn. Ọmọṣẹ́ káfíńtà ni mí nígbà náà. Mo ka tépù lódì, ẹsẹ̀ tábìlì oníbàárà wa kan sì kúrú. Nígbà tí ọ̀gá mi bi mí, mo ní, "Bí Bọ̀dá Báyọ̀dé tó ń ta pákó ṣe gé e fún wa nìyẹn, sà." Ọ̀gá gbà mí gbọ́. Àwa ọmọṣẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. A yọ "bọ̀dá" kúrò níwájú orúkọ ọkùnrin náà, ohunkóhun tó bá ti kúrú, a ní ó ti báyọ̀dé. "Ṣòkòtò rẹ báyọ̀dé, àbí ọwọ́ àbúrò rẹ lo ti yá a?" Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà náà fi ń sọ ọ́.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé àga wá fún àtúnṣe lọ́jọ́ kan, ó sì gbọ́ wa. "Báyìí náà ni àwọn òyìnbó ṣe rí 'Makiafẹ́líánì'," ni ó wí. Mo máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò tí wọ́n bá ń bú olóṣèlú. Mo rò pé orúkọ ẹgbẹ́ kan ni. Ó ní orúkọ ìdílé ọ̀mọ̀ràn ará Ítálì kan ni wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ̀wé nípa bí àwọn alákòóso ṣe ń di ìjọba mú, àní pẹ̀lú ẹ̀tàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti jẹ́ alárékérekè, orúkọ ọ̀mọ̀ràn yẹn ni wọ́n fi ń pè é.

"Ìkíni wa, 'Okun o', ni wọ́n fi sọ àwa ará ìhín náà ní Okun," ni tíṣà wí, "ìyẹn kò ba ẹnikẹ́ni jẹ́. Ará Ítálì yẹn ti kú, kò lè bá yín jiyàn. Báyọ̀dé tiyín ńkọ́? Ẹ ti bi í?"

Mo dojú kọ pákó tí mò ń fá. Àwọn oníbàárà Báyọ̀dé ti ń sá nígbà náà. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́, ó lọ dáko ní Ìsánlú.

Mo lọ bá a níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. "Okun o," ni ó kí mi. Ó bu omi fún mi, ó béèrè ọ̀gá mi. Ó ń so iṣu rọ̀ nínú abà, okùn ìko tó fi ń so ó kò sì gùn tó. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Èyí náà ti báyọ̀dé." Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo mumi tán, mo dìde, n kò jẹ́wọ́ ohun tí mo torí rẹ̀ lọ. Ó sìn mí dé ojú títì, ó ní kí n tún máa yà. Ìsánlú kò jìnnà. Mo ṣì jẹ ọkùnrin yẹn ní gbólóhùn kan.