Ọkọ Àǹtí Mi àti Linux Wọn

Ọkọ àǹtí mi kì í ki CD bọ kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ owó wò bóyá ayédèrú ni. Wọ́n á fẹnu fẹ́ ẹ, wọ́n á ní, "Eléyìí gan-an ni ojúlówó." Ohun tí wọ́n sọ nípa ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé ní Ìkòsí nígbà náà. Torí kí àwọn ọmọ wọn lè máa gbá géèmù bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe ra kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n Uncle ní aláìmọ̀kan ló ń lo Windows. Linux, ètò míì tó ń darí kọ̀ǹpútà, làwọn fẹ́, oríṣi rẹ̀ sì pọ̀ bí ata Mile 12. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan sí i, kọ̀ǹpútà ò ní mú ohùn jáde. Òmíràn á mú ohùn jáde, àwòrán rẹ̀ á máa gbọ̀n. Géèmù ò ṣí rí.

Lọ́jọ́ kan, níbi tí Uncle ti ń fi tuntun sí i, wọ́n pa gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà rẹ́, títí kan fọ́tò ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn wọn.  Àǹtí mi pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan láti Kétu, ó fi Windows padà sí i, géèmù sì ṣí.

Àkọ́bí wọn obìnrin ní kí Daddy wá bá òun gbá a. Ó gbá gólù wọlé wọn títí ó fi sú u. Uncle kọjú sí mi.

"Ká ní Linux ni, ṣé ó lè nà mí báyìí?"

Àǹtí mi dáhùn láti kíṣìnì: "Kò lè nà yín o, Daddy. Géèmù náà ì bá má tíì ṣí."