Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Lọ́sàn-án

Nígbà tí wọ́n gbé mi kúrò ní Àjàṣẹ́ pé kí n lọ máa kọ́ni ní abúlé kan lẹ́bàá Adja-Ouèrè, inú mi dùn bí ẹni pé mo joyè. Òmìnira Dàhòmẹ̀ kò tíì pẹ́ nígbà náà, àwọn olórí sì ń gbapò lọ́wọ́ ara wọn. A kì í tíì gbé àwòrán ọ̀kan kọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tán tí wọ́n á fi ní ká sọ ọ́ kalẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ibi tí igi wà, tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ariwo kò sí, ni mo ń lọ. Ará ìlú ńlá tí kò gbé abúlé rí ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gba yàrá kan lọ́dọ̀ opó àgbàlagbà kan tó ń ṣe epo pupa. Ọ̀pẹ yí ilé náà ká, igi ọsàn kan sì ṣíji bo fèrèsé mi. Ìdánwò àwọn olùkọ́ wà níwájú mi. Mo ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara mi kò sì lè gba ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ariwo kò sí lóòótọ́. Ènìyàn ló wà. Bí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, tí mo ṣí ìwé, ẹnìkan á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà: “Mẹsí, ẹ kú ìwé o!” Mẹsí ni wọ́n ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Bí ẹni yẹn bá lọ, òmíràn á wọlé, á jókòó sórí ibùsùn mi, á máa wò mí bí mo ṣe ń kàwé. Bàbá kan ní kí n kà á sókè kí òun náà gbọ́. Ìṣirò ni mò ń kà. Mo kà á fún un, ó ní ó dùn púpọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣí, orí mi gbóná. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi igi há a. Bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ títí ọ̀sẹ̀ fi yí po. Ṣé ẹni tó gba ilé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni?

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní abúlé yẹn, àlejò kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Èyí tó bá tì í ń sọ fún gbogbo ayé, láìlanu, pé ẹni tó gba òun sílé ti hùwà ìkà sí òun. Kò sì sí ẹni tó lè là mí lóye, nítorí ilẹ̀kùn wà ní títì. Àwọn obìnrin tó máa ń bá ìyá náà gún ẹyìn kò wá mọ́. Òun nìkan ló ń gún un. Mo gbọ́ odó kan ṣoṣo láti inú yàrá, mo ní, “Ọpẹ́ ni, agbolé ti ń rọlẹ̀.”

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àgbà àdúgbò ránṣẹ́ pè mí. Mo bá èrò níwájú ilé rẹ̀, ìyá onílé mi sì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín wọn, kò wé gèlè.

Àgbà náà bi mí pé, “Mẹsí, kí ni obìnrin yìí ṣe fún ọ?”

Kí n tó fọhùn, ìyá náà ti yíjú sí mi. “Ọmọ mi, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́, wí i. Má jẹ̀ẹ́ kí n kú pẹ̀lú orúkọ pé mo fìyà jẹ àlejò.”

Mo wá irọ́ kan tí kò ní bí ẹnikẹ́ni nínú. Mo ní, “Ara mi ni kò yá.”

Àwọn obìnrin pariwo: “Kí ló fún un jẹ?” Ìyá náà káwọ́ lérí. Ìwà ìkà lásán ni wọ́n fi kàn án tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo fi májèlé kún un.

Ìgbà náà ni mo tó sọ òótọ́. “Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Oúnjẹ rẹ̀ ni mo fi ń sanra. Ẹ̀yin ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá kí mi.”

Àgbà náà di ọwọ́ ìyá mú, ó gbé e dìde. Àwọn obìnrin bá a wé gèlè rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Inú mi dùn fún un, ojú sì ń tì mí gidigidi. Ní ọjọ́ kejì, odó ti tó mẹ́ta lẹ́yìnkùlé.

Mo ráyè kàwé. Mo kà á débi pé mo yege ìdánwò náà. Ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ewúrẹ́ nìkan ló ń yọjú.

Nígbà tó yá, ara mi kò gbà á mọ́. Mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo lọ kí wọn láti ilé dé ilé. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ará ilé mi ní Àjàṣẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ní kí n jókòó.