Ọjọ́ Tí Bàbá Moufoutaou Ná Máàkì

Títí dòní, bí ẹnìkan bá ń ná ọjà láìgba gbẹ̀rẹ́ ní Treichville, àdúgbò kan nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, àwọn àgbà á ní kò tíì tó Bàbá Moufoutaou, tó dìde ní gbọ̀ngàn ilé tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1974, tó ń ná máàkì.

Silifatou, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó gbà tọ́, ló ń díje orin níbẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ fún un ní seize, ìyẹn mẹ́rìndínlógún nínú ogún, èkejì ní quinze, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀kẹta gbé douze, méjìlá péré, sókè. Ni Bàbá, oníṣòwò abọ́ tánńganran ará Ògbómọ̀ṣọ́, bá fò dìde láàárín èrò, ó fi Faransé ọjà pariwo.

"Ọ̀gá, douze kẹ̀? Ohùn tí kò sán, tí kò ya! Ẹ fi kún un, ẹ jẹ́ ó di dix-huit!"

"Papa, pardon, ibí kì í ṣe ọjà," ni adájọ́ náà dáhùn.

"Mo mọ̀. Ká ní ọjà ni, ẹ̀ bá ti fi kún un!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Máàkì ò yí padà: méjìlá náà ló wà, kò di méjìdínlógún. Ojú ti Silifatou bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Nígbà tí ariwo ò rọlẹ̀, atọ́kùn ètò bẹ Silifatou pé kó tún ẹsẹ kan kọ. Ó dijú, ó kọ ọ́ láìsí gìtá, láìsí ìlù. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹsẹ kan yẹn ni àwọn òǹwòran tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà jọ fún ilé tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n fi mú un dé àṣekágbá, ibẹ̀ ló sì ti gbégbá orókè. Bàbá ní òun ló ṣe é.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ àwo orin, ọkùnrin tó fẹ́ gbé e jáde ní orúkọ Silifatou ti gùn jù, kí àwọn máa pè é ní Sylvie.

"Kí ni orúkọ tìrẹ?" ni Bàbá bi í.

"Jean-Baptiste."

"Tìrẹ gùn ju tiẹ̀ lọ. Kọ́kọ́ gé tìrẹ ná, ká wò ó."

Silifatou ló wà lára àwo náà.

Ohun kan ló ń rú Silifatou lójú: ọkùnrin tó jà fún ohùn rẹ̀ tó báyìí kì í dúró gbọ́ ọ. Bí rédíò bá ti gbé orin rẹ̀, á ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Awa, ìyàwó Bàbá, ní òun ò rí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀mẹsàn-án lójúmọ́ rí.

"Bàbá, ṣé orin mi ò dùn mọ́ yín ni?"

"Ìwọ ṣáà máa kọ ọ́," ni Bàbá wí, ó ti gbé kẹ́tùlù.

Lọ́dún 1978, àìsàn ráńpẹ́ mú Bàbá lọ. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ mẹ́jọ, Daouda, ọkùnrin ẹ̀yà Jùlá tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Bàbá, pe Silifatou wọlé. Ó fa àwo kan yọ, tí èèpo rẹ̀ ti gbó.

"Ti bàbá rẹ ni. Bí ọjà bá ti ń tú, á wọlé, á ní òun wá béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Màá gbé àwo yìí sórí ẹ̀rọ. Á fi fìlà bojú kí n má bàa rí omijé rẹ̀, á máa gbọ́ ọ."

"Ojú èwo ló máa ń fẹ́?"

Daouda yí àwo náà padà. "Èyí tí rédíò kì í gbé."

Orin Yorùbá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni. Silifatou ti rò pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí.

"Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín," ni Daouda wí.

"Ibo ni?"

Daouda gbé abẹ́rẹ́ lé àwo. "Fara balẹ̀. Ó ń bọ̀."

Silifatou fa àpótí kan, ó jókòó, ó ń dúró dè é.