Dísìkì Mẹ́rin, Ọmọ Mẹ́rin

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé, mo sì gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi nìyí. "Ó" ni màá máa pè é níbí títí inú mi yóò fi rọ̀, inú mi ò sì tíì rọ̀.

Kọ̀ǹpútà bàbá wa ló da àárín wa rú. Ó wà nínú pálọ̀ wọn ní Tanke, ní Ìlọrin, lórí tábìlì tí wọ́n ti ń máàkì ìwé ọmọ iléèwé nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe tíṣà. Èmi ni mo tò ó fún wọn, torí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà títúnṣe ni mò ń ṣe ní Challenge. Dísìkì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun gbogbo pamọ́ sí. Mẹ́rin ni mo kì sínú ti Bàbá, mo sì so wọ́n pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Ohunkóhun tí Bàbá bá kọ, ẹ̀rọ á gé e sí wẹ́wẹ́, á pín in sórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá kú, mẹ́ta tó kù á gbé ẹrù rẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n bó bá ku méjì péré, ọbẹ̀ ti dànù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Ìgbómìnà ló wà nínú rẹ̀. Látọjọ́ tí Bàbá ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ ìlú wa jọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí àwa tí wọ́n bí sí Ìlọrin ò gbọ́ rí: orúkọ ewé, orúkọ oríṣiríṣi ìrìn arúgbó, orúkọ òjò tó ń rọ̀ tí oòrùn sì ń ràn. Wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀mù-Àrán, wọ́n á gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀, wọ́n á padà wá tẹ̀ ẹ́ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka méjì. Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, èmi ni wọ́n pè. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di ìwé. Mo ní mo ti gbọ́. Kò sí ibòmíràn tí iṣẹ́ náà wà láyé yìí ju orí dísìkì mẹ́rin yẹn lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo mọ́ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ohun tí wọn ò fẹ́ sọnù. Èmi ò ṣe é fún bàbá mi, torí mo gbójú lé ohun tí mo fọwọ́ ara mi tò.

Lóṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì kan, Ìyá mi pè mí pé ẹ̀rọ Bàbá ń ké bí òròmọdìẹ tó sọnù. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Iná ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí bátìrì, ó ṣì ń ké. Mo pààrọ̀ wáyà, ó ṣì ń ké. Mo wá ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ń fi etí lé dísìkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ló ń dún kó, kó, kó. Mo mọ ìró yẹn. Dísìkì tó bá ti ń dún báyẹn ti ń palẹ̀ mọ́. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ ọ́, mo sì sọ fún Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èyí tó kù títí màá fi ra òmíràn wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló ṣe é?"

Mo ní, "Kò lè yé yín."

Lọ́jọ́ kejì mo wá dísìkì ká gbogbo Táíwò Road. Ọkùnrin kan gbé tòkunbọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Wàláì, ẹ̀gbọ́n, ó sàn ju tuntun lọ." Mo bi í bóyá ó lè kó òkú bàbá tiẹ̀ sínú posí tòkunbọ̀. Ó yí ojú sí oníbàárà mìíràn. Ẹlòmíràn ní tuntun máa wọlé ní Ọjọ́ Ajé, mo gbà láti dúró.

Mo mọ̀ pé Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn gan-an ni wọ́n máa pín ẹrù Bàbá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yẹra ni. Mi ò fẹ́ jókòó máa wo àwọn àgbà tó ń fojú wọn agbádá. Nílé wa, ọmọ kan kì í lọ lọ́wọ́ òfo nínú ẹrù bàbá rẹ̀, orí-ò-jorí ni wọ́n sì ń pín in, iye ọmọ, iye ìpín. Wọ́n pín aṣọ, wọ́n pín fìlà, wọ́n pín àga. Nígbà tó kan kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó gbé e. Ni ẹ̀gbọ́n mi, tó ti lo gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ nídìí fáìlì ìjọba, bá ṣí i, ó sì rí àyè dísìkì mẹ́rin, ọ̀kan ṣófo. Ọmọ mẹ́rin ni Bàbá bí. Ó ní, "Ẹ ò rí i pé Bàbá fúnra wọn ti pín in sílẹ̀?" Àbúrò bàbá wa tó ń darí ìpàdé ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọ̀kan, àbúrò mi mú ọ̀kan.

Mo gbé dísìkì tuntun dé ní Ọjọ́ Ajé, mo bá àpótí òfo. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Ó ní, "Ìpín tìẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ mú."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè tẹ fóònù pa. Nígbà tí mo dìde, mo ń lọ láti ilé dé ilé bí agbowó-orí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti fi gèlè wé tiẹ̀, ó tọ́jú rẹ̀ sáàárín aṣọ Bàbá tó kàn án. Ó yọ ọ́ fún mi láìjanpata, mo sì jágbe mọ́ ọn síbẹ̀. Àbúrò mi kọ́kọ́ bi mí pé kí ni màá fi rọ́pò ìpín òun. Mo bú u kí n tó gbà á.

Ti ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló kù. Ó ti so tiẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀, ó bi í bóyá kí òun nù ún kó lè wúlò, ẹ̀gbọ́n mi sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ló wá kó sínú rẹ̀ títí ó fi kún. Ó fi hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "Kò kúkú sí nǹkan gidi nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Mo wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo kórìíra eyín rẹ̀.

Méjì ló kù tó yè. Mo nílò ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta kan ṣoṣo tó sì kù láyé ni èyí tó ń kú lọ nínú àpò mi. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo so ó mọ́ tuntun, mo ní kí ẹ̀rọ máa da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ díẹ̀díẹ̀, kó fo ibi tó bá ti bàjẹ́, kó padà síbẹ̀ tó bá yá. Mo kọjú fáànù sí i kó má baà gbóná. Mi ò gba iṣẹ́ kankan fún ọjọ́ mẹ́ta. Oníbàárà tó bá fẹ́ sún mọ́ tábìlì yẹn, màá lé e síta. Ní ọjọ́ kẹta, ó kọjá ìdajì díẹ̀, ó dún kó, kó, ó sì dákẹ́. Mo jẹ́ kó sinmi. Mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, mo dojú rẹ̀ dé, mo gbàdúrà sí i, mo ṣépè fún un. Kò dún mọ́.

Ibi tí ẹ̀rọ fò pọ̀ débi pé nínú ohun tí mo rí kó jọ, kò sí fáìlì kan tó pé. Ọ̀rọ̀ wà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sí. Mo ṣí ohùn kan, arúgbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí wọ́n ṣe ń pe ìgbà tí iṣu ń ta, ohùn rẹ̀ já kó tó dárúkọ ìgbà náà.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí àbúrò sọ. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ọ̀kan. Mo bi ọ́ kí ló ṣe é. Kí lo sọ fún mi?" Mo jáde láìdágbére. Òótọ́ tó sọ yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ jì í.

Mo wá lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá mi. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, wọn ò dúró nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ta lo rò pé bàbá yín máa ń bi kí wọ́n tó wọkọ̀ lọ sílé? Wọn ò tíì ní bọ́jú tí wọ́n á ti máa jí mi, kí là ń pe eléyìí, kí là ń pe tọ̀hún. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ẹnu mi ló ti jáde. Ẹ pín aṣọ, ẹ pín àga, ẹ pín irin. Inú ilé yìí náà ni mo wà. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan nínú yín."

Mo yọ fóònù jáde lójú ẹsẹ̀ kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ bò ó.

Wọ́n ní, "Mi ò ní sọ ọ́ fún ìwọ nìkan. Mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Kí òun máa kọ, kí ìwọ máa gbohùn. Bí ẹ ò bá jọ jókòó, mi ò ní la ẹnu mi."

Mo ní, "Ìyá, òun ló bà á jẹ́."

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́," wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láàárọ̀ àná tí mo lọ kí wọn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi orúkọ àbúrò mi pè mí, wọ́n sì bi mí bóyá Bàbá ti jẹun. Mi ò tíì pe ẹ̀gbọ́n mi.