Fèrèsé Tí Ọkọ Mi Fi Ń Yangàn

Nígbà tí a kó kúrò ní àdúgbò Dar-es-Salam lọ sí àdúgbò Broukro nínú ìlú kan náà, ọkọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé a kó lọ sí ilé mìíràn. Ohun tó ń sọ ni pé a ti kó lọ sí òkè. "Òkè la wà báyìí," ló ń wí fún àwọn tó ń ra ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà, bí ẹni pé ọ̀run ló gbà lọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan péré ni. Ní agboolé tí a ti kúrò, ilẹ̀ la wà. Bí ọmọ bá ṣubú níbẹ̀, á gbọn erùpẹ̀ nù lára orúnkún, á tún máa sáré lọ.

Fèrèsé pálọ̀ ló dùn mọ́ ọn jù nínú ilé náà. Gíláàsì ńlá tí wọ́n ń tì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, ibi tó sì ti bẹ̀rẹ̀ kò ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ló gbé àga onítìmùtìmù sí, kí àlejò lè máa wo ìgboro. Ọmọbìnrin wa nígbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń gun nǹkan ni, kò tíì mọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá wọn," mo ní, "ẹ jẹ́ ká fi irin sí ojú fèrèsé yìí. Ọmọ yìí ti ń gun àga."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó so àgbò mọ́ pálọ̀.

"Irin kẹ̀? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wá ni? Nẹ́ẹ̀tì ṣáà wà níbẹ̀."

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni o! Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ yó dáadáa kó tó rọ́ lù ú, ó lè gbé e ṣubú.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé àga kúrò níbẹ̀."

"Kí àlejò mi wá kọjú sí ògiri?"

Ìyá rẹ̀ wá kí wa láti ìlú Brobo, inú mi dùn pé alátìlẹ́yìn mi dé. Màmá wo fèrèsé, wọ́n wo ọmọ, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò ní já bọ́. A kì í já bọ́ nínú ìdílé wa." Ó ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé ṣé òfuurufú ni ará ìdílé wọn máa ń so rọ̀ sí, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ ni. Mo bu ọbẹ̀ kún tiwọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí Màmá ti padà sí Brobo, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wá kí i. Àwọn méjèèjì jókòó sórí àga yẹn, ọmọ wà láàárín wọn, wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ igbe láti ìsàlẹ̀. Ìyá kan, ẹ̀yà Baoulé, tó ń ta ẹja díndín lábẹ́ ilé wa ni, èdè ọjà wọn, Dioula, ló fi ń pariwo pe àwa Yorùbá òkè:

"Ẹ̀yin Anago! Ọmọ yín! Ọmọ yín o!"

Mo sáré dé pálọ̀. Nẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ikùn ọmọ mi wà lójú fèrèsé, orí àti apá rẹ̀ wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan àga mọ́. Àlejò dìde, ó ká ọwọ́ lérí. Ọkọ mi náà dìde, ó ń ké "Yéè! Yéè!" Àgbà ọkùnrin méjì, kò sí ẹni tó na ọwọ́. Mo fò lé àga, mo fi ọwọ́ òróró di ọmọ mú lọ́rùn ẹsẹ̀ àti ní ṣòkòtò, mo fà á wọlé. Ó ń sunkún pé a ò jẹ́ kóun lọ mú nẹ́ẹ̀tì.

Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja ti tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án lófuurufú láti fi gba ọmọ, ó dúró láàárín títì pẹ̀lú yẹ̀rì nìkan, ojú rẹ̀ wà lókè. Obìnrin tí ọkọ mi kì í kí dáadáa nìyẹn, nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ń gbé. Ó pẹ́ kó tó gbà pé mo ti mú ọmọ, kó tó ká ìró náà. Mo gbé ọmọ mọ́ra, ilẹ̀ ni mo jókòó sí.

Nígbà tí èémí ọkọ mi padà, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ta ló ṣí gíláàsì yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní ooru ń mú àlejò yín."

Ó wá ní ká ṣe sàráà ọpẹ́. A ṣe é. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n jẹun, ojú fèrèsé ṣì là sílẹ̀ gbayawu. Nígbà tí ọkọ mi ní kí àlùfáà jókòó sórí àga rẹ̀ tó wà lábẹ́ ihò náà, àlùfáà wo àga, wọ́n wo ihò, wọ́n ní, "Ẹ bá mi tẹ́ ẹní sọ́hùn-ún."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ọkọ mi ṣe lọ sọ́jà, èmi àti ìyá ẹlẹ́ja wọ́ àga náà lọ sí ògiri òdìkejì. Mo gun alùpùpù lọ sí Dar-es-Salam, mo pe àwọn ajórin wá. Nígbà tí ọkọ mi máa fi dé, irin ti dúró digbí lójú fèrèsé. Ó wò ó, ó mì í.

"Kò burú," ló wí. "Ó kàn tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ ni."

Mo ra ìró tuntun fún ìyá ẹlẹ́ja. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó wá bi mí pé, "Ọkọ rẹ ńkọ́, ìyàwó? Ṣé ó ti ń rí wa nílẹ̀ níbí báyìí?"

Ọkọ mi ti di olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé o. Bó bá wọ ilé onílé, kó tó jókòó, á ti lọ fọwọ́ ti nẹ́ẹ̀tì wọn wò. Lọ́jọ́ kan, ó gbá irin wa lójú àlejò, ó ní, "Èmi ò lè gbé òkè pẹ̀lú ọmọ kékeré láìfi irin sí i. Orí ló ń ṣiṣẹ́!" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ká ọwọ́ lérí lọ́jọ́sí wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó tẹ orí ba. Mo gbé omi fún wọn, mo sì lọ wo ọmọ mi ní yàrá.