Ìdí mi kò gba gáùn míní mọ́

Ẹ gbà mí o, wọ́n ti sọ mí di màmá lónìí!

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ń ra gáùn kí n tó lọ́kọ, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo. Ọmọge tó ń tajà wò mí látòkè délẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Èmi ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́!"

Mo fi ìbínú kó sínú gáùn míní kan. Ó wọlé, ṣùgbọ́n mi ò lè mí. Ọmọge yẹn náà ló bá mi tú síìpù, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bá kọjá sọ́dọ̀ ìyá Ìjẹ̀ṣà kan tó ń ránṣọ lódìkejì. Ó fa gáùn gbòòrò kan yọ.

"Ìdí rẹ dára, jẹ́ kó ráyè mí."

Mo wọ̀ ọ́ délé. Ọkọ mi ò tíì gbójú kúrò lára mi!

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibo lẹ ti ń raṣọ báyìí?